Àpótí Tí Mo Lọ Gbé ní Accokeek

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí fèrè takisí dún nísàlẹ̀ ilé wa ní Suitland lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo ti wọ bàtà tán, ibi tí màá gbẹ́sẹ̀ lé nínú yàrá ni mò ń wá, nítorí ẹrù ti gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní Amẹ́ríkà níbí, bí ọmọ Yorùbá kan bá ti lanu sọ pé òun ń lọ sílé, gbogbo ayé ló máa gbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa wá kí i lọ́wọ́ òfo. Ẹni yìí á gbé aṣọ wá fún àbúrò rẹ̀, ẹni tọ̀hún á gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn á kó ọṣẹ àti ìpara wá fún gbogbo ẹbí. Wọn kì í béèrè bóyá àyè wà. "Ẹ bá mi mú nǹkan kékeré yìí dání" ni wọ́n máa ń wí, nǹkan kékeré náà á sì tó ewúrẹ́.

Èmi gan-an, olùkọ́ kékeré ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní kántì wa, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, wọn kò sì tíì fìdí mi múlẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ni mò ń bá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kí n lọ ka ìwé tí mo kọ lórí bí odò Ògùn ṣe ń kún. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fojú kan ilé kẹ́yìn. Ìdánwò àwọn ọmọ wà lórí tábìlì tí n kò tíì máàkì, ìparí ìwé tí mò ń lọ kà kò tíì wá sí mi lọ́kàn, mọ́tò mi sì ti dákẹ́ síwájú ilé láti ìgbà òtútù. Síbẹ̀, àpótí ni mo fẹ́ lọ gbé. Ẹni tó ni àpótí náà ni Àǹtí Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ Áńgílíkà wa, tó gbà mí sílé rẹ̀ ní Accokeek nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí èèyàn wá gbé àpótí, èèyàn á lọ gbé e ni.

Alhaji Sàláwù ló ni takisí. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti wakọ̀ mọ́jú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo bi í ní iye tó máa gbà.

"Owó kẹ̀? Dókítà, ẹ wọlé jàre. Ìyá mi wà ní Ọ̀jẹ́. Bàtà lásán ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ṣé bàtà yẹn kì í ṣe ti sójà, Alhaji?"

"Bàtà arúgbó ni. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ."

A kọ́kọ́ yà sí ilé rẹ̀ ní Camp Springs. Bárékè àwọn sójà òfuurufú wà nítòsí ibẹ̀. Bí àkùkọ ṣe ń jí yín nílé, bàálù ló ń jí àwọn ará ibẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti gbéra, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Ìyàwó Alhaji kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé tíì àti búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì kó bàtà jáde. Mo rí i pé ó ti fi oògùn fítámìn, súwẹ́tà àti àpò ṣúgà kan kún un. Mo wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo òkè àjà. Mo dúpẹ́ tíì, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú búùtù.

Láti ibẹ̀ la ti bọ́ sójú títì ńlá tó lọ sí gúúsù. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kòtò kankan kò sí lójú rẹ̀, epo ọkọ̀ sì rọjú: gálọ́ọ̀nù kan kò tó dọ́là kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè rìn ín lọ rìn ín bọ̀ kí ẹ má rí ẹni kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí ẹni tó jókòó síwájú ilé tí ẹ lè juwọ́ sí. Bí a ṣe ń lọ ni ilé ń dín kù tí igi ń pọ̀ sí i. A kọjá abà onípákó tí wọ́n ti máa ń sá ewé tábà látijọ́. Àgbọ̀nrín mẹ́ta dúró sétí igbó, wọ́n ń wò wá bí onílé ṣe ń wo àlejò.

Alhaji dín eré ọkọ̀ kù. "Dókítà, ẹ wo ẹran ìgbẹ́ tó ń gba atẹ́gùn. Tó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ńkọ́?"

"Inú ọbẹ̀ ni ì bá ti gba atẹ́gùn náà."

A rẹ́rìn-ín títí a fi yà sí ọ̀nà tóóró tó wọ inú igbó lọ. Accokeek nìyẹn. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká tó oko, ṣùgbọ́n èèyàn kì í rí ilé ẹnì kejì láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbẹ̀ kò lè lọ ra iyọ̀.

Màmá Ọ̀yọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ìyá Àǹtí Fọlákẹ́ ni. Àǹtí àti ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti Ọ̀yọ́ kó wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́fà, ló bá di ọdún mẹ́ta. Ọmọ tuntun ti ń sáré, òmíràn sì ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé Màmá wé gèlé, ó wọ bàtà, ó fi báàgì kọ́ apá. Báàgì ńlá kan tí a fi okùn dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O ṣeun tó o tètè dé, Dókítà ọmọ mi. Mo ti ṣetán."

"Ẹ ti ṣetán kẹ̀, Mà? Níbo lẹ ń lọ?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà. "Ọ̀yọ́ ni. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ti dì mí lọ́wọ́ mú: "Mo gbọ́ pé o ń lọ sílé. Ṣé wàá mú mi dání?" Kí ni ọmọlúàbí máa sọ? Ṣé kí n wí fún àgbàlagbà pé rárá lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ni? Mo ní, "A jọ ń lọ ni, Mà. Lágbára Ọlọ́run." Bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn. Bí ẹni tó ń jẹun ṣe ń pe ẹni tó ń kọjá lọ kó wá bá òun jẹ ni, tí ẹni yẹn á ní kó gba ibi ire, tí á sì máa lọ. N kò rò ó pé ẹnì kan lè fọwọ́ kó sì jókòó.

Kí n tó ṣàlàyé ara mi, Màmá ti gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ gbígbóná síwájú èmi àti Alhaji. Àwọn ọmọ méjèèjì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá àgbà bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ jẹ sí i, wọ́n sì fi èdè Òyìnbó dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí wọn? Mo fẹ́ràn wọn, wọ́n fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Má rò pé wọ́n ń fìyà jẹ mí o. Ẹran wà, ẹja wà, Fọlákẹ́ ń tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sí fèrèsé yẹn láti àárọ̀, kò sí ẹnì kan tó máa kọjá kó ní 'Ẹ kú ìjókòó, Mà.' Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló ń kọjá."

Oúnjẹ náà dùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jẹ ni mò ń wo báàgì olókùn tó wà nílẹ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́ wọlé látẹnu iṣẹ́ alẹ́, bàtà funfun lẹ́sẹ̀, oorun lójú. Ó kí wa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji, ó sì wọ́ àpótí jáde láti yàrá. Kò tilẹ̀ wo báàgì olókùn yẹn. Ó gbé ìwọ̀n wá, irú pẹlẹbẹ tí àwọn èèyàn níbí ń gùn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti sanra. Gbogbo ilé ọmọ Nàìjíríà ló ní i, ṣùgbọ́n ẹrù la fi ń wọ̀n. Èèyàn á kọ́kọ́ gùn ún lásán, á tún gbé àpótí mọ́ra gùn ún, á wá yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Mo gbé àpótí náà gun ìwọ̀n. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá.

"Kí ló wà níbẹ̀, Àǹtí?"

"Aṣọ fèrèsé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò tí kì í jóná. Nǹkan ilé Màmá ní Ọ̀yọ́ ni."

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni Màmá bọ́ bàtà rẹ̀, ó rọra gun ìwọ̀n náà, báàgì rẹ̀ lápá.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ẹ wọ̀n mí. Fọlákẹ́, fèrèsé ta lẹ fẹ́ ta aṣọ yẹn sí?"

"Fèrèsé tiyín ni, Mà."

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni?"

"Tiyín ni."

"Èmi tí mo ni bẹ́ẹ̀dì, níbo ni mo wà?"

Àwọn ọmọ pàápàá kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀ ń di ẹrù ránṣẹ́ sí mi ní Ọ̀yọ́," ni Màmá wí, "èmi sì nìyí níwájú yín. Dókítà lóun máa mú mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé ẹrù mi."

Àǹtí Fọlákẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe bú sẹ́kún. "Ta ló máa wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, Mà? Ta ló máa gbé yín dé ọsibítù lóru? Nígbà tí Bàbá kú, orí fóònù ni mo ti gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún gbọ́ tiyín lórí fóònù ni?"

Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí gèlé nu ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé ikú kò mọ Accokeek ni? Jẹ́ kí n lọ wà láàyè nílé ná."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pa mọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni Àǹtí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kò sí ẹni tó máa bá Màmá rìn, nítorí Màmá kò gbọ́ Òyìnbó, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà sì ń bà á lẹ́rù.

Àǹtí yíjú sí mi. "Dókítà, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ lo ṣèlérí fún wọn, àbí o kàn ń dá wọn lóhùn?"

Àwọn méjèèjì ń wò mí. Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ojú Màmá ni n kò lè wò kí n sọ ọ́.

"Mo ṣèlérí, Àǹtí. Mo sì máa mú wọn dé ẹnu ọ̀nà wọn, tẹ́ ẹ bá gbà."

Àǹtí wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

A kò gbé àpótí náà. Màmá sìn wá dé ìdí ọkọ̀, ó tú kọ́kọ́rọ́ kan kúrò ní etí ìró rẹ̀. "Tí Fọlákẹ́ kò bá gbà, mú èyí dání. Fún ìyá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Ọ̀yọ́, kó bá mi ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn lè wọ yàrá." Ó dúró lójú ọ̀nà náà títí igi fi bò ó mọ́ wa lójú.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Suitland. Alhaji ní, "Dókítà, tí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹ yọ bàtà yẹn sílẹ̀. Ìyá mi wà nílé tiwọn. Wọ́n lè dúró."

Oòrùn ti ga gan-an nígbà tí mo wọlé. Mo jókòó sáàárín ẹrù, mo gbé ìwé ìdánwò kan, mo kà á, n kò mọ ohun tí mo kà. Ojú ti mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń yìn mí pé mo mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àgbà tí à ń dá lóhùn ń gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Àǹtí Fọlákẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ ti ha.

"Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì máa gba àwọn ọmọ ní summer, lásìkò ooru yìí, mo sì ti bẹ ọ̀gá mi kó gbé mi sí day shift, kí n máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Àwọn oníbàálù ní àyè kan ṣì kù nínú bàálù tìrẹ lọ́jọ́ Tuesday." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n dá gun àtẹ̀gùn tó ń rìn yẹn o. Di ọwọ́ wọn mú."

"Mo gbọ́, Àǹtí. Àpótí yẹn ńkọ́?"

"Màmá ló máa gbé ẹrù ara wọn. Wọ́n fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Ohùn Màmá dé, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

"Dókítà! Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Mà."

"Má fún ẹnikẹ́ni o. Èmi fúnra mi ni màá ṣí fèrèsé náà."