Ìwé Ìyìn fún Gíríìsì

Ní ilé iṣẹ́ ìgò kan, kò sẹ́ni tó ń pe akọ̀wé lórúkọ. Ìyẹn-ni-pé ni wọ́n ń pè é. Tó bá ní òjò ń rọ̀, á tún ní, “Ìyẹn ni pé omi ń bọ́ látòkè.” Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ìyàwó ẹ̀ ṣe ń fara dà á. Àmọ́ ẹ má fojú di í o! Àwọn ará Jámánì ló ni ilé iṣẹ́ náà, òun nìkan ló sì gbọ́ èdè wọn nínú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń fẹ̀yìn tì, òun ló ń kọ ìwé ìyìn rẹ̀ ní èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ló ń kà á síta.

Kọ ìwé kẹ̀? Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọ láyé ẹ̀, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Látìgbà náà, ńṣe ló ń yí i síta, tó ń yí i sínú. Ó ní ìwé ńlá méjì, ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan, tó to àwọn ọ̀rọ̀ tó bára mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kára lọ́dún tó kọjá, aláápọn ni lọ́dún yìí. Èyí tó bá ti lò, á fi báírò pupa fagi lé e. Ọ̀mọ̀wé!

Ìfẹ̀yìntì wá kan Gíríìsì, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún làwọn méjèèjì fi jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Lọ́jọ́ tí ìfun akọ̀wé lọ́ pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣubú lulẹ̀, Gíríìsì ló gbé e pọ̀n dé ọsibítù. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó kú.

Gíríìsì wá bá a. “Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ tí mo máa fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, kò tíì gbọ́ kẹ́nì kan yìn mí rí. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé mo tú rédíò bàbá mi palẹ̀. Jọ̀ọ́, tèmi gan-an ni kó o kọ.”

“Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀? Fọkàn balẹ̀. Ìyẹn ni pé, má mikàn!”

Ó délé, ó fa ìwé ìyìn Bàbá Onígéètì tọdún tó kọjá yọ, ó ṣí ìwé ńlá méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ìyàwó ẹ̀ tó ń ká aṣọ wò ó títí.

“Ẹni tó gbé ọ pọ̀n, ìwé lo máa wò kó o tó mọ ohun tó o máa sọ nípa ẹ̀?”

“Kò lè yé ẹ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.”

“Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́...” Obìnrin náà pòṣé, ó ń ká aṣọ ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ náà, iyàrá ìjẹun kún. Ìyá Gíríìsì jókòó níwájú pátápátá, ó gbé báàgì lé orúnkún. Akọ̀wé ka ti Jámánì, ohùn ẹ̀ ń dún kíkankíkan. Ọ̀gá àgbà, ará Jámánì, mi orí, mi orí, ló bá fajú ro. Ìyẹn-ni-pé rò pé adùn èdè ló mú un, ó bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Gíríìsì fẹnu sétí ìyá ẹ̀, ó ń túmọ̀ fún un.

“Ó ní aláápọn ni mí, Mámà. Ó ní ọlọ́yàyà ni mí.”

Ìyá ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó ń ṣí ẹnu àbáwọlé fún wa láràárọ̀,” akọ̀wé kà á lọ, “tó fi ìró hóọ̀nù mọ ọkọ̀ oníkálukú.”

“Ti Bàbá Onígéètì nìyẹn!” ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé wo bébà ọwọ́ ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló ti pààrọ̀, àfi ọkùnrin tó ń yìn. Ojú tì í gan-an.

Gíríìsì ò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló tún sọ?” ìyá ẹ̀ bi í.

“Ó ní,” Gíríìsì wo ọ̀rẹ́ ẹ̀ lójú, “ó ní mo gbé òun pọ̀n dé ọsibítù nígbà kan, pé ọpẹ́lọpẹ́ mi lòun fi wà láàyè.”

Ìyá fọwọ́ ti àga, ó dìde, ó lọ di ọwọ́ akọ̀wé mú.

“O ṣeun, ọmọ mi. O ò gbàgbé oore.”