Mo Ní Màá Gbàdúrà Sí I

Ọdún tí a kó dé Ellenwood ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣoṣo ló kanlẹ̀kùn wa láti kí wa káàbọ̀. Obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan ni, opó, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa. Ó gbé kéèkì dání, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í pe àgbàlagbà lórúkọ. Mo bá ń pè é ní Mama. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mama yìí ló jókòó tì mí tí mo fi mọ mọ́tò wà lórí àwọn títì ńlá tó ń já mi láyà, òun náà ló ń bá mi wo ọmọbìnrin mi nígbà tí iṣẹ́ èmi àti ti ọkọ mi bá forí gbárí. Ọmọkùnrin kan péré ló bí. Ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Forest Park.

Kí n má purọ́, bí mo ṣe fẹ́ràn Mama tó yẹn, èrò tí mo ní nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dára. Nínú ìjọ wa, Akátà là ń pè wọ́n, a sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń dárúkọ àìsàn. A gbà pé wọn kì í fẹ́ ṣiṣẹ́, pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọlọ́pàá, pé àwa yàtọ̀. Alàgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń kó àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jọ lẹ́yìn ìsìn láti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú náà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ọlọ́pàá kò gùn. Ó ní, “Tí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ tètè lanu kí wọ́n gbọ́ accent yín. Ẹ sọ fún wọn pé Nigerian ni yín. Ẹ gbé badge ibi iṣẹ́ yín síbi tí wọ́n ti máa rí i. Wọ́n á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ara àwọn tibí.” Gbogbo wa ń mi orí bí ọmọ iléèwé. Èmi tilẹ̀ so káàdì ibi iṣẹ́ mi mọ́ dígí inú mọ́tò mi, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Mama ní kí ọmọ òun gbé mi bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì jìnnà sí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Mo ń ṣàlàyé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún un lọ́wọ́, ó ń ṣe bí ẹni pé ó yé e, nígbà tí iná ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn wa. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa mọ́tò, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí stíárìn, ó sì rọra sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan báàgì mi. Ọlọ́pàá náà ní kó mú láísẹ́ǹsì wá. Ó dáhùn pé, “Ó wà ní àpò ẹ̀yìn mi, sà. Ṣé kí n mú un?” Kò tíì parí ìbéèrè yẹn tí ọlọ́pàá fi ṣílẹ̀kùn, tó fà á bọ́ sílẹ̀, tó da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, tó ká a lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó ń pariwo pé kó yé jà. Ojú mi ló ṣe. Ọmọ náà kò jà rárá.

Ọlọ́pàá náà wá kọjú sí mi, ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ọkùnrin yìí. Ẹ̀kọ́ alàgbà sáré wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé káàdì ibi iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi sókè, mo ní, “Èmi kì í ṣe ara wọn, sà. Nàìjíríà ni mo ti wá. Ó kàn gbé mi ni.” Mo sì fa ohùn ilé jáde nínú Gẹ̀ẹ́sì mi ju bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lọ, kó má baà ṣì mí mú. Ojú ọlọ́pàá náà rọ̀, ó ní kí n máa lọ. Ọmọ Mama ń wò mí láti ilẹ̀ tó wà. Mo rìn lọ sí ilé epo tó wà níwájú, mo pe ọkọ mi pé kó wá gbé mi.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ṣe ìdúpẹ́. Mo jáde síwájú ìjọ, mo sọ bí Ọlọ́run ṣe yọ mí lọ́wọ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Mo sọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n kígbe halelúyà, inú alàgbà wa sì ń dùn bí olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wa mọ́tò. Ìyá mi nìkan ló bi mí, nígbà tí mo pè é ní Ìbàdàn. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, “Ọmọ tó gbé ọ, ta ló gbé òun náà délé?” Mo ní network kò dára. Ó ní, “Ṣé o ṣì ń gbọ́ mi? Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.” Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo pa fóònù.

Wọ́n ní ọmọ Mama bá ọlọ́pàá jà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nìyẹn. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ya àwòrán láyà ọlọ́pàá náà, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ pé kò jà àfi èmi. Mama wá sílé wa pẹ̀lú ìwé lọ́yà lọ́wọ́. Ó ní òun kò ní kí n gbèjà ọmọ òun, kí n ṣáà wá sọ ohun tí ojú mi rí. Ìwé tí màá fi di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò tán, ìbúra ló kù. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Mo ní, “Mama, màá gbàdúrà sí i.”

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó sì ti bá ṣọ́ọ̀ṣì wa rìn díẹ̀, mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń wí. Bí wọ́n bá ní kí o wá ṣe alága ìgbìmọ̀ kan tí o kò fẹ́, wàá ní o máa gbàdúrà sí i. Bí wọ́n bá mú ọkọ tí kò wù ọ́ wá fún ọmọ rẹ, wàá ní o máa gbàdúrà sí i. Bí a ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn, kí ojú má baà ti ẹni tó béèrè. Àmọ́ Mama kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Aládùúrà obìnrin ni, ohun tí mo sọ náà ló gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní àwa méjèèjì la jọ máa gbà á. Ó sì gbà á lóòótọ́. Èmi kò gbà á rárá, torí ẹ̀rù ń bà mí kí Ọlọ́run má lọ dá mi lóhùn.

Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi ní, “Mummy, ó ku díẹ̀ kí citizenship ẹ jáde, o wá fẹ́ lọ dúró ní court kí o máa tako police? Tí wọ́n bá lọ fa file ẹ síta ńkọ́?”

Mo ní, “Daddy, mi ò kúkú sọ fún un pé mò ń lọ.”

Ó ní, “Ó dáa, kí ló dé tí o ò sọ fún un pé o ò lọ?”

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Mama wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dé àkẹtẹ̀, ó wa mọ́tò wá síwájú ilé wa, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Kò fọn fèrè. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ní yàrá òkè, mo ti wọṣọ iṣẹ́, mi ò lè jáde lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì lè jáde lọ bá a. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Irọ́ ni, èmi ríran. Mo rí i bó ṣe ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, tó tún ń wo ẹnu ọ̀nà wa. Ó lo bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó mọ̀. Mo rí ìgbà tó mọ̀, torí ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó wa mọ́tò lọ. Inú mi dùn nígbà tó lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé inú mi dùn.

Nígbà tí kò sí ẹlẹ́rìí, lọ́yà gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kó gbà pé òun jẹ̀bi, kí ọdún má baà pọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló lò lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kó lọ sí Covington, níbi tí ẹnì kan ti fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Láàárín ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n ni èmi búra, tí mo di ọmọ onílùú. A ya fọ́tò pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́. Mama ń kí mi láti ojúde rẹ̀, mo ń kí i padà. Kò kọjá ìkíni.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìdájọ́ ọlọ́pàá kan sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìlú tó jìnnà sí wa ni ó ti pa ọkùnrin adúláwọ̀ kan lójú pópó, gbogbo Amẹ́ríkà ló sì ń dúró de ohun tí ilé ẹjọ́ máa wí. Mo ti kàwé di nọ́ọ̀sì nígbà náà, ibi iṣẹ́ kan náà ni mo ṣì wà. A pé jọ sí pálọ̀ àwọn arúgbó. Bí wọ́n ṣe kà á pé ó jẹ̀bi, àwọn obìnrin ilé ìdáná wa dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún. Bàbá arúgbó òyìnbó kan ní wọ́n kàn fi ọlọ́pàá náà rúbọ ni, kí a bá òun yí tẹlifíṣọ̀n sí ibòmíràn. Èkejì rẹ̀, òyìnbó bíi tirẹ̀, ní kó panu mọ́. Ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ mi fẹnu sí mi létí, ó ní, “Sister, èyí ò kàn wá o, ẹ jẹ́ ká lọ fún wọn ní meds wọn.” Lórí WhatsApp ìjọ wa, halelúyà ń rọ̀ bí òjò. Alàgbà kọ ọ́ pé Ọlọ́run wa kì í sùn. Èmi náà kọ tèmi pé ìdájọ́ òdodo ti dé, mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà mẹ́ta sí i. Mẹ́ta, bí ẹni tó bá wọn jà níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ń fọn fèrè mọ́tò káàkiri àdúgbò. Mo din dòdò, torí Mama fẹ́ràn rẹ̀, mo gbé e lọ láti bá a yọ̀. Ẹ wo ojú líle. Òun nìkan ló jókòó ní fáráńdà rẹ̀. Mo ní, “Mama, mo bá yín yọ̀ o. Òní dára.”

Ó ní, “Mo wo ẹjọ́ yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ ló wá jẹ́rìí. Wọn ò mọ ọkùnrin náà rí. Ara ọ̀kan nínú wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ìwọ ti jẹun nínú ilé mi.”

Mo kúnlẹ̀. Ọ̀nà kan tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ìwé mi, ìdúpẹ́ tí mo ṣe, àti bí mo ṣe dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Mo mọ̀ pé o wà nílé. Dìde, ilẹ̀ yẹn le. Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, Olúwa mi kò gbà mí láyè láti ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan mọ́.” Ó gba dòdò náà, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó fọ abọ́ mi, ó gbé e wá.

Mo rò pé ìbínú ló fi sọ̀rọ̀, pé bó bá yá, yóò rọ̀. Ọjọ́ ti gorí ọjọ́ báyìí. Alàgbà wa ti darúgbó, ó ṣì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dìde jáde, mi ò tíì ní ìgboyà láti takò ó. Ọmọbìnrin mi ti ń kọ́ mọ́tò wíwà. Ibí ló dàgbà sí, kò sí ohùn Nàìjíríà kankan lẹ́nu rẹ̀ tí ọlọ́pàá yóò gbọ́. Bí wọ́n bá dá a dúró lọ́nà lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá ń kọjá ni mo gbójú lé.

Mama kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan mọ́ lóòótọ́. Nígbà òtútù tó kọjá, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí mọ́tò ọmọ rẹ̀ tó já wọ iwájú ilé wọn. Mo sáré jáde. Ó ti gbé ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbé e lọ sínú mọ́tò, èémí Mama ń já lu ara wọn, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ náà ní láti àárọ̀ ni ìyá òun kò ti lè mí dáadáa, ó kọ̀ kí wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn, òun ló ń dúró dè kí òun ti Covington dé. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn mi. Ó ní, “Mo sọ fún un pé kó pè yín. Ó ní òun ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu.” Ó tilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n lọ.

Ara Mama ti yá, a ṣì ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n Covington jìnnà. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé tirẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì wà nílé láti àárọ̀.