Wàrà Tí Wọ́n Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ara mi lónìí. Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe ní Ìlọrin níbí, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mo sì máa ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè tó kọjá, inú kíṣìnnì èmi gan-an ni ìròyìn ti bẹ́!

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Alhája, ìyá ọkọ mi. Àdúgbò Ṣàngó nílùú wa níbí ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ṣáájú èyí, Ràfíátù, àkọ́bí mi, jẹun tán, ó ti abọ́ síwájú, ó ní, "Mọ́mì, mo ti yó," ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjìlá! Alhája wo abọ́ yẹn, wọ́n wò mí.

"Ìyá Ràfíátù, ta ló máa gbé e?"

Èmi náà ni mo gbé e.

Wọ́n ní tí àwọn bá tún wá tí nǹkan ò yí padà, àwọn á mú Ràfíátù lọ sí Ṣàngó, á máa gbé lọ́dọ̀ àwọn títí yóò fi mọ iṣẹ́ ilé. Alhája kì í sì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀!

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ràfíátù ń kọ́ ọbẹ̀ sísè. Bàsírù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń fọ abọ́. Ìjà wà ńbẹ̀! Bàsírù ní àwọn ọ̀rẹ́ òun nílé kéú sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Mo ní ṣé obìnrin nìkan ló ń jẹun ni? Ó rò ó wò, ó mú kànìnkàn.

Òfin kan ni mo fi lélẹ̀ fún un: ohunkóhun tó bá ń rùn, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn yẹn á fi lọ. Ike oúnjẹ tó ń gbé lọ sílé ìwé ni mo ní lọ́kàn. Ẹ má gbàgbé òfin yìí o.

Alhája wá ní àwọn ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán ní Sọ́ńdè. Mo ra wàrà tútù, èyí tó dì gbagidi, lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń kiri ládùúgbò wa, torí kò sí ẹran tí wọ́n fẹ́ràn tó wàrà nínú ọbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ nínú omi rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó má bàa bàjẹ́. Àfi bí ọ̀gá mi ṣe pè: kí n sáré lọ sí Malete, àwọn àgbẹ̀ ń ṣèpàdé! Mo ní kí Ràfíátù se ìrẹsì, kó gbé ọbẹ̀ kaná, kó fi wàrà sí i, kí Bàsírù ràn án lọ́wọ́. Bàbá wọn wà nílé, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo fi padà dé ilé wa lẹ́yìn Ọ̀fà Garage, Alhája ti jókòó ti oúnjẹ. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Abọ́ ń dán. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "O káre. Ọmọ ti ń di èèyàn."

Ràfíátù bu ọbẹ̀ fún wọn. Mo rí ìfófó funfun tó lé téńté lórí ọbẹ̀. Mo rò pé ojú mi ni. Alhája fi wàrà kan sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúró.

"Súbúhánálláhì! Irú wàrà wo rèé, tó ń hó lẹ́nu mi?"

Ràfíátù ń wo báàgì Alhája bíi pé wọ́n ti di ẹrù òun sínú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tó dìde? Bàsírù!

"Alhája, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú Ràfíátù lọ. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Omi rẹ̀ ń rùn kíkan, mo dà á nù."

"O fi kí ni fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ abọ́ ni. Mo sì fi kànìnkàn ha ara rẹ̀ díẹ̀."

Mo ń retí ariwo, ẹ̀rín ni Alhája bú sí! Wọ́n rín títí ìborùn fi bọ́ lórí wọn. "Wàláhì, látọjọ́ tí mo ti ń jẹ wàrà, mi ò jẹ èyí tó mọ́ tó yìí rí!"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ọkọ mi lórí àga. Wọ́n ní níbo ló wà nígbà tí wọ́n ń fi ọṣẹ wẹ̀ fún wàrà?

"Mo wà ńbí, Alhája. Mò ń mójú tó wọn."

"Dádì ń wo bọ́ọ̀lù ni." Ràfíátù ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Alhája bi àwọn ọmọ léèrè. Ta ló gbálẹ̀? Ràfíátù ni. Ta ló fọ abọ́ àárọ̀? Bàsírù ni. Ta ló ń gbé omi fún Dádì níwájú tẹlifíṣọ̀n? Àwọn méjèèjì pariwo pọ̀: "Àwa ni!"

Alhája fa báàgì wọn mọ́ra.

"Mo ní mo máa mú èèyàn lọ, mi ò sì ní yẹ ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ Bàbá Ràfíátù, dìde, lọ di ẹrù rẹ! Àwọn ọmọ yìí ti ń kọ́ṣẹ́. Ìwọ ni mi ò kọ́. Èmi ni mò ń gbé abọ́ rẹ kúrò nílẹ̀ nígbà tó o wà lọ́mọdé, mi ò mọ̀ pé ìyàwó oníyàwó ni mò ń kó sí wàhálà."

Ọkọ mi, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba, dìde wẹ́rẹ́, ó kó abọ́ jọ, ó wọ kíṣìnnì. A gbọ́ omi. A tún gbọ́ Bàsírù lẹ́yìn rẹ̀: "Dádì, kì í ṣe báyẹn o. Ẹ kọ́kọ́ gbọn oúnjẹ tó kù nínú rẹ̀ nù."

Ìrẹsì àti ẹyin dídín la padà jẹ. Nígbà tí Alhája ń lọ, báàgì wọn nìkan ni wọ́n gbé. Ràfíátù wà nílé, bàbá rẹ̀ tó ti fọ abọ́ náà sì wà nílé.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe, èyí tó jókòó ò lè fọ wàrà. Ká má kàn pàṣẹ fún wọn, ká dúró tì wọ́n, ká sọ ìdí rẹ̀. Ká má sì yọ ọkùnrin sílẹ̀, ọmọdé ni o, àgbà ni o.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lọmọ yín ti ṣe ní kíṣìnnì tẹ́ ẹ ò lè gbàgbé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ rẹ́rìn-ín. Màá kà á tí mo bá dé, torí ọkọ mi ń pè mí báyìí. Ó ti ra wàrà mìíràn, ó ń béèrè bóyá kí òun da omi rẹ̀ nù!