Odò Tó Gbé Ọ̀rẹ́ Mi Lọ

Agboolé kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti dàgbà ní Bẹ́yẹrúnká n'Ìbàdàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí ìjọba ń wá àwọn tí yóò bá awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ lókè ọya, àwa méjèèjì la sì jọ lọ. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ọjà'ba ni ìyá náà ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Kò fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́nà.

Ilẹ̀ olókè nítòsí ààlà Kamẹrúùnù ni wọ́n kó wa lọ, níbi tá a ti máa ń rìn títí láì rí abúlé. Odò àti adágún ibẹ̀ kò tíì sí nínú máàpù. Iṣẹ́ wa ni láti fi wọ́n síbẹ̀. Òyìnbó ọ̀gá wa ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí níbi tí yìnyín ti bo òkè mọ́lẹ̀. Ó ní yìnyín náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí odò, ó sì ti gbé èèyàn mì lójú òun. A rò pé ó ń dápàárá ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ sọdá odò kan, kí ọ̀gá lè fi ẹ̀rọ wò ó láti òdìkejì. Omi náà kò ju itan lọ. Òjò ò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, àṣé ó ti rọ̀ lórí òkè. Ọ̀rẹ́ mi ń padà bọ̀ nígbà tá a gbọ́ ariwo. Kí n tó pè é, omi pupa ti ya dé, ó ń yí òkúta. Mo rí apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A wá a títí oúnjẹ wa fi tán, a ò rí i.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn àáfà fẹ́ kírun sí ọmọ náà lára bí kò tilẹ̀ sí òkú, ìyá kọ̀. Ó ní ta ló rí òkú ọmọ òun? Gbogbo ìgbà tó bá ti rí mi ló ń ní kí n mú òun débẹ̀. Àwọn ẹbí ní ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Nígbà tí kò dákẹ́, mo mú un lọ. A wọ rélùwéè, a wọ lọ́rì, a fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Omi odò náà kò bo ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá wọ inú rẹ̀, ó sọdá, ó tún padà.

"Ṣé èyí náà ni?"

"Òun ni, ìyá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí omi ṣe máa ń ya wá láti orí òkè.

"Má sọ ọ́ mọ́," ló wí. "Bọ́ síwájú, ká kírun sí ọmọ mi lára."

Ó fi omi náà ṣe àlùwàlá. Mi ò mọ gbogbo àdúà ìrun òkú tán. Èyí tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti jókòó sórí iyanrìn, ó sì pẹ́ kó tó lè dìde.

Látìgbà tá a ti padà dé Ìbàdàn, kò sọ̀rọ̀ odò náà mọ́. Kò sì lọ sí Ọjà'ba mọ́ títí tó fi kú.