Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tí À Ń Fà

Bàbá mi kò lè jókòó pẹ́ mọ́. Ìbàdí ń dùn wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi yọ àga inú bọ́ọ̀sì mi, tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sí i, kí n lè fi gbé wọn láti Benin lọ sí Ìkìrun, ìlú wa. A ti sún ìrìn-àjò náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún kò sì lè wọ àdúgbò wa nílé, ni mo bá ní a ó fa ọkọ̀ kékeré mi tẹ̀ lé e.

Iná ni kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá tẹ bíréèkì níwájú, báwo ni ọkọ̀ ẹ̀yìn, tí a ti pa ẹnjìnnì rẹ̀, yóò ṣe mọ̀? Rìwáyà kan, ọmọ Edo, wá so wáyà iná ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú ilé wa ní Oregbeni. Ọ̀fíntótó ni mí, kí n má purọ́. Gbogbo wáyà tó bá fà ni mo ń bi í pé níbo ló ń lọ.

"Oga, you wan learn work?"

"Abeg, just show me."

Nígbà tó parí, ó ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, kó máa sọ èyí tó bá tàn. Bàbá ní àwọn ni. Awakọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ta ló tó bá wọn du irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? A gbé àga fún wọn. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo tẹ bíréèkì.

"Ó tàn!"

"Tòsì ńkọ́, Bàbá?"

"Gbogbo ẹ̀ ló tàn!"

Ó yá jù lójú mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, n kò tẹ nǹkan kan, mo wá pariwo pé, "Mo tún ti tẹ̀ ẹ́ o!"

"Ó tàn!"

Mo rò pé àwọn wáyà ti kan ara wọn ni, mo bá bọ́ sílẹ̀. Mo ní kí rìwáyà bá mi tẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó tàn nínú wọn. Ó wo abẹ́ ọkọ̀ kékeré náà, ó bú sẹ́rìn-ín: ọ̀dà tí mo fi kun irin ibẹ̀, kí ọkọ̀ lè dán wọ̀lú, ni kò jẹ́ kí wáyà kan irin kí iná lè tàn.

"Bàbá, kí lẹ rí tí ẹ fi ń ní ó tàn?"

Wọ́n ń fi ọwọ́ pa orúnkún wọn.

"Tí mo bá ní kò tàn, ṣé o ò ní tún sún ìrìn-àjò yìí síwájú? Ojú ọ̀tún ti lọ. Ẹyọ kan tó ń rí bàìbàì yìí ni mo fẹ́ fi rí ilé tí mo kọ́."

Mo gba ìwé yanrìn lọ́wọ́ rìwáyà, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà fúnra mi.