Ìbọn Ìléwọ́ tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

Wọ́n ní mo mọ ọjà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Bí wọ́n bá ṣí àpò kan níwájú mi, tí mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ti mọ iye tó yẹ kí n san. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ké sí mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá wa. Ilé bàbá wa ní Ìkòsí ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ wa, ó fa àpótí irin kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì tú aṣọ tí wọ́n fi wé nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìbọn ìléwọ́ ni. Irin rẹ̀ ti dúdú, ìpẹtà ti mú un létí, igi ọwọ́ rẹ̀ sì ń dán. Irin ribiti kan wà láàárín rẹ̀ tó ń yí, ibẹ̀ ni wọ́n ń ki ọta mẹ́fà sí. Aṣọ́gbó ọba ni bàbá wa kó tó fẹ̀yìn tì. A máa ń gbọ́ pé òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fún un ní nǹkan kan nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ṣùgbọ́n aago la rò pé ó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkùnrin kan wà ní Magodo tó máa ń kó ohun àtijọ́ jọ, pé ó fẹ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà. "Ìwọ lo mọ ọjà," ó ní. "Ṣé iye rẹ̀ nìyẹn, àbí ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ?"

Àlùbọ́sà ni mo mọ̀, mi ò mọ ìbọn. Ohun tí mo bi í ni pé ta ló tún mọ̀ pé ó wà nílé. Ó ní òun ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi lọ́jọ́ kan péré.

Bàbá àgbà kan wà ní Ṣángíṣà tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi. Sójà ni nígbà kan, ìbọn ló ń tún ṣe ní bárékè. Èmi náà ya fọ́tò ìbọn náà, mo kọ nọ́ńbà tó wà lára irin náà sínú ìwé, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

A ò tíì débẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ, ní kí n ṣí fóònù mi. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń kó ọjà fún mi láti Kánò, tó ti fi fọ́tò àpò àlùbọ́sà rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọlọ́pàá náà ń fi ìka tì wọ́n lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.

"Mummy, ṣé àlùbọ́sà nìkan lẹ ní ni?"

Mo ní oúnjẹ mi ni. Ó dá fóònù padà. Ó ku méjì kó kan ìbọn.

Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá sójà náà wo fọ́tò náà dáadáa. Ó ní kì í ṣe dídán ni wọ́n ń wò: ṣé nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti irin ribiti náà mu, ṣé irin náà máa ń dúró gbọin tí wọ́n bá yí i, báwo ni inú ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Ó ní ẹni tó bá ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, owó ló ń ha kúrò. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ṣé ọta wà nínú rẹ̀?"

Mi ò mọ̀. A ò tiẹ̀ rò ó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Bàbá ti wọ bàtà kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí a wọlé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti sáńpépà, ó ń fọ ìbọn kó lè mú owó púpọ̀ wá. Ẹnu ìbọn náà dojú kọ yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré.

"Rọra gbé e sílẹ̀, ọmọ mi," bàbá ní. "Yọ ìka rẹ."

Ó mú un, ó ṣí i. Ọta méjì ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nínú àpótí náà la ti rí ìwé àṣẹ bàbá wa, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Bàbá sójà ní ohun tí ìwé rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ kò ṣeé tà, ó sì bá wa gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Orí bẹ́ǹṣì la wà títí ìrun alásárì fi kọjá, mo ń ro ẹni tí yóò ta ọjà mi bí wọ́n bá tì mí mọ́lé. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà mẹ́rin, wọ́n gba ìbọn, wọ́n sì kọ ìwé fún wa.

Bí a ṣe jáde, mo fa bàbá sẹ́yìn, mo bi í ní iye tó tọ́. Ó ní níbi tí wọ́n ti gbà kí wọ́n tà á, ó ju iye tí ọkùnrin ará Magodo yẹn dá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí sáńpépà tó kàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́wọ́ mi nígbà Iléyá tó kọjá, bóyá bàbá sójà sọ iye kankan. Mo ní rárá. Ó wò mí títí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran.