Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Ni Ẹni Méjì

Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Cotonou lọ sí Parakou, tí táyà yín sì bẹ́ ní Dassa, ọ̀dọ̀ Ṣàkírù ni wọ́n máa júwe fún yín. Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó ti pẹ́ tó ti ń lẹ táyà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé lásán. Ó lè máa tẹ táyà yín wò kó máa sọ fún yín pé olè ni ẹni tó tà á fún yín, àti pé ẹ̀yin tí ẹ rà á gan-an, ọpọlọ yín kò pé. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà wá, torí iṣẹ́ rẹ̀ dára.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó ti fọ ọwọ́, Ṣàkírù á di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ló ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Àpáta, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Kò sí ohun tó le nínú ẹgbẹ́ náà àfi orí àwọn tó ń darí ẹ̀.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹgbẹ́ tí kò ní ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ, tí ọ̀kan nínú ẹ̀ tún ń jò, èèyàn mẹ́sàn-án ló jókòó lé e lórí, wọ́n ń pe ara wọn ní ìgbìmọ̀, comité lẹ́nu tiwọn. Juvénal tó ń ta sìmẹ́ńtì ni ààrẹ. Igbákejì rẹ̀ wà, igbákejì igbákejì náà wà. Séverin akọ̀wé wà, òun àti ìwé ńlá kan tí kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Àwọn agbaninímọ̀ràn mẹ́ta wà, kò sì tíì sí ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn kan lẹ́nu wọn rí. Méjì tó kù, àga ni wọ́n wá jókòó lé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Nígbà tí ìjà lórí ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù àti ta ni yóò jókòó fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì pín àwọn agbábọ́ọ̀lù láàárín ara wọn bí ẹni pín ẹran ìgbẹ́. Olúkúlùkù mú ẹnì kan. Ẹni tí ọ̀gá kan bá ti mú, dandan ni kó gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ lórí pápá àfi ọ̀gá tó ni ín. Bí mẹ́sàn-án ṣe lọ nìyẹn. Ó wá ku méjì, wọ́n ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa mú ìyẹn, kí ayé má baà sọ pé àwọn fìyà jẹ ẹ́. Òkè tó ń ṣọ́ ilé ni, àti Évariste tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì. Àgbẹ̀ ni Òkè, láti Akofodjoulè ló ti ń wá, ẹni ọdún méjìlélógún tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Évariste ní tirẹ̀ kò ní ẹbí kankan nínú ìgbìmọ̀. Ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣàkírù kò ka àwọn mẹ́sàn-án yìí sí rárá. Tó bá ti délé, ọ̀rọ̀ wọn ló máa ń fi jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án!" á sọ fún Bàṣírátù ìyàwó rẹ̀. "Tí wọ́n bá ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú bọ́ọ̀lù kan péré, wọ́n á kọ́kọ́ dìbò yan ẹni tó máa di ẹnu ẹ̀ mú."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi wọ́n sílẹ̀?" ni Bàṣírátù máa ń bi í.

Ó mọ ohun tó dá a dúró, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èèyàn mọ́kànlá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kó kó wọn wọ pápá, kó sì mọ̀ bóyá òun mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́ tàbí òun ń tan ara òun jẹ. Ọdún mọ́kànlá, kò tíì mọ̀.

Lọ́dún yìí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Àpáta tó bọ́ sí ìpele tó ga ju tiwọn lọ. Àwọn ará Lèma ni wọ́n gbọ́dọ̀ nà. Juvénal rí i pé ojú Ṣàkírù ti le jù, ó dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó gbá àyà.

"Kóòṣì, tí a bá fi lè gòkè, ẹgbẹ́ di tìrẹ. Àwọn mọ́kànlá pátá. Parole d'honneur, mo fi iyì mi búra!"

Ṣàkírù gbà á gbọ́. Ọkùnrin tí kò gba ẹni tó ń ta táyà gbọ́ gba ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pápá kún fọ́fọ́. Àpáta kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé. Nígbà tí abala kejì dé ìdajì, Dorian já lulẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Dorian yìí ni atamátàsé wọn, àbúrò ìyàwó Juvénal ni, Juvénal ló sì ni ín. Ó dìde, ó ń tiro. Ṣàkírù rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà tí àwọn ọ̀gá jókòó sí.

"Président, Dorian ti fara pa. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́."

"Kí o yọ ta ni? Àbúrò ìyàwó mi?"

"Kò lè sáré mọ́."

"Ta ló ní kó sáré? Ṣebí iwájú ló wà. Kó dúró síbẹ̀, bọ́ọ̀lù á wá bá a."

Igbákejì ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó ní tí Dorian bá jáde, ẹni tí òun mọ̀ ló yẹ kó wọlé. Igbákejì igbákejì ní irọ́ ni. Séverin ṣí ìwé rẹ̀.

"Messieurs, ọ̀rọ̀ yìí gba ìpàdé," ló wí.

Ẹ má rò pé mo ń ṣe àwàdà. Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí pápá, àwọn mẹ́sàn-án dìde, wọ́n lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ṣèpàdé. Níbi tí a wà yìí, ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí àdúrà, ẹni tó dàgbà jù ló sì ń gbà á. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn agbaninímọ̀ràn ṣí fìlà, ó pa ojú dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ọlọ́run dá ilẹ̀ àti òkè. Ó dúpẹ́ fún òjò. Ó tọrọ ìsinmi fún àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti kú, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣàkírù dúró létí pápá, ó ń wo Dorian lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń wo bí àwọn ará Lèma ṣe ń já wá ní èèyàn mọ́kànlá sí mẹ́wàá. Àmín kò tíì dé tí bọ́ọ̀lù fi wọlé. Ariwo sọ. Méjì nínú àwọn ọ̀gá dì mọ́ra wọn fún ayọ̀, wọ́n rò pé tiwọn ló wọlé.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ òótọ́, Séverin wo Ṣàkírù bí ẹni tó mú ọ̀daràn.

"Òkè ló jẹ́ kó wọlé. Òkè, tìrẹ ni, Kóòṣì."

Ṣàkírù wò wọ́n, ó rí i pé ìríra wọn ti borí ìbínú lọ́kàn òun, ó sì yíjú padà sí pápá.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, ará Lèma kan fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ilé wọn. Rẹfirí fọn fèrè, ó nàka: pẹnáritì. Ẹ ò bá rí àwọn mẹ́sàn-án! Olúkúlùkù ń pe orúkọ ẹni tirẹ̀. Juvénal gan-an ti wọ inú pápá, ó ń pariwo pé Dorian ni, Dorian tí kò lè tẹlẹ̀ dáadáa. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò wo bọ́ọ̀lù mọ́, abẹ́ àtíbàbà ni gbogbo wọn ń wò, kálukú ń retí olówó rẹ̀. Rẹfirí wo aago. Ìgbà yẹn ló wá sí Ṣàkírù lọ́kàn pé ẹni méjì wà lórí pápá yìí tí òun kò ní gbàṣẹ kí òun tó rán níṣẹ́.

"Òkè!" ló kígbe. "Máa bọ̀ wá gbá a!"

"Aṣọ́lé?" Juvénal yíjú padà. "Orí ẹ dàrú ni?"

"Tèmi ni, Président. Ẹ̀yin lẹ pín in fún mi."

Òkè sáré láti ìpẹ̀kun pápá. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó gbá a. Ó wọlé. Kò pẹ́ tí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí. Àpáta ti gòkè.

Ta ló kọ́kọ́ gbé Òkè lé èjìká? Juvénal ni. Nígbà tí akọ̀ròyìn rédíò kan na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní: "Comité ti jókòó lé e lórí tipẹ́. A ti pinnu pé tí pẹnáritì bá wà, Òkè ni yóò gbá a." Ṣàkírù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Akọ̀ròyìn náà bi í bóyá ó lè sún sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n pè é sí ìpàdé nílé Juvénal. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ kírun Jímọ̀. Ó ti mọ àwọn mọ́kànlá rẹ̀ lórí, ó ń kà wọ́n lọ́nà.

"Tí wọ́n bá yẹ àdéhùn," Bàṣírátù ti sọ fún un, "ẹ sọ tẹnu yín fún wọn, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé."

"Wọ́n á gbọ́ ọ lónìí," ni Ṣàkírù wí.

Lẹ́yìn àdúrà, Séverin kà á jáde. Ó ní ibi tí ẹgbẹ́ dé báyìí kì í ṣe ibi eré ọmọdé, nítorí náà ìgbìmọ̀ á fara balẹ̀ yẹ ìlérí Président wò. Ó ní ní ti Òkè, ó ti di ẹni ńlá, kò sì yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Président ni yóò mú un.

"Dorian ńkọ́?" Ṣàkírù béèrè.

"Dorian ṣì wà lọ́wọ́ Président."

"Ta ló wá kù fún mi?"

"Évariste," Séverin dáhùn. "Títí dìgbà tí ẹlòmíì bá béèrè rẹ̀."

Gbogbo wọn kọjú sí i. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá ti dé ètè rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ẹyọ kan tó tó kí èèyàn fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ láti bá a gbé e lọ sílé.

"Kóòṣì," Juvénal ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "tí iṣẹ́ yìí bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, sọ ọ́ o. Àwọn tó ń wá a ò kéré."

Ṣàkírù gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Kò sí wàhálà, Président. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ comité."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Séverin kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Òkè dé sí ìsọ̀ táyà. Ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Kóòṣì, mo gbọ́ pé ìpàdé wáyé. Ṣé ẹgbẹ́ ti di tiyín? Mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ wa iṣu."

Ṣàkírù kò gbé orí sókè lórí táyà tó ń lẹ̀.

"Président ni kí o lọ bá. Òun ló ni ẹ́ báyìí."

Òkè dúró. "Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Òkè, ẹni tí kì í kọjá lára rẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ láìsọ pé ó dàbọ̀.